Omi Tó Kẹ́yìn Kì í Ṣe Ibi Ìyìnbọn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ọ̀dá àti Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó ní Amẹ́ríkà, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dún ọ̀dá. Àbàtà tó máa ń muni dé orúnkún ti gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ ti sán bí ẹ̀yìn ìjàpá. Nínú éékà 40 tó yẹ kí omi bò, bí éékà 3 péré ló kù, níbi tó jìn jù lọ, nídìí ilẹ̀kùn omi, ìyẹn ilẹ̀kùn onípákó tí a fi ń dá omi dúró. Gbogbo pẹ́pẹ́yẹ agbègbè náà sì kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ọdẹ tó bá rí wọn á rò pé oríire ti dé. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn, ó sì ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní dára kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni retí. Ìbọn mẹ́rin ló wà létí omi náà, kò sì tó wákàtí kan tí olúkúlùkù fi pé mẹ́fà tí òfin gbà lóòjọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì wá, àmọ́ wọ́n ń yí omi náà po lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òkè réré tí ọta kò lè dé ni wọ́n ń gbà kọjá. Wọ́n á wo ère pẹ́pẹ́yẹ tí a tò sójú omi láti fi tàn wọ́n, wọ́n á sì máa lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, inú òkùnkùn ni wọ́n ti gbéra, kó tó di ìdajì wákàtí ṣáájú yíyọ oòrùn tí òfin gbà wá láyè láti yìnbọn, wọn ò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ karùn-ún, omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ìró ìyẹ́, kò sí igbe. Ìyẹ́ kéékèèké ló léfòó lójú omi, ìgbẹ́ ẹyẹ wà létí ẹrẹ̀, ipasẹ̀ wọn sì ti ń gbẹ. Àsìkò ọdẹ tó jẹ́ ọjọ́ 60 ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ márùn-ún ni. Títí tó fi parí, ọ̀wọ́ tó tó ogún kò sọ̀ sórí omi yẹn mọ́.

Kò sẹ́ni tó rú òfin o. Oníkálukú ní ìwé àṣẹ, oníkálukú ra òǹtẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti ìjọba àpapọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 25, ìbọn kankan ò gbé ju ọta mẹ́ta lọ. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan á ní ìwà ọ̀kánjúwà ni. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà, àìmọ̀ ni. Òfin sọ iye tí èèyàn lè pa, kò sọ ibi tó yẹ kó jókòó sí lọ́dún tí omi bá tán.

Ibi méjì ni pẹ́pẹ́yẹ nílò: ibi tí yóò ti jẹun, àti ibi tí yóò ti sinmi láìsí ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Lọ́dún tí omi pọ̀, bí ìbọn bá lé wọn kúrò lórí adágún kan, wọ́n á fò lọ sí èkejì ní máìlì méjì sí i, nígbà tó bá sì di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á yà padà. Lọ́dún ọ̀dá, adágún kejì kò sí. Ẹyẹ tí ẹ bá lé kúrò lórí omi tó kẹ́yìn, gbogbo agbègbè náà ló máa fi sílẹ̀. Àwọn ọdẹ aládùúgbò tí kò yìnbọn kankan pàápàá á pàdánù wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo ìyókù lọ ni pé kí ẹ mọ omi tí wọ́n ń sùn sí, kí ẹ má sì yìnbọn lórí rẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ lọ nírọ̀lẹ́, láìmú ìbọn lọ́wọ́. Ẹ dúró ní nǹkan bí ìdajì máìlì pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn, kí ẹ sì dúró títí ojú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. Omi tí wọ́n ń wọ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ibùsùn wọn nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ ní méjì, mẹ́ta, márùn-ún, láàárọ̀, ibi oúnjẹ ni. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ ba sí. Ẹ fi ó kéré tán ìdajì máìlì sí àárín ibùba yín àti ibùsùn. Ẹ má ṣe ju àárọ̀ méjì lọ lọ́sẹ̀. Bó bá di aago mẹ́wàá, ẹ kó ère yín, kí ẹ lọ sílé, kódà bí iye tí òfin gbà kò bá tíì pé, torí ọ̀sán ni wọ́n máa ń padà wá sinmi. Ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé, ẹ má gbé ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnì wọ omi tí kò tó éékà márùn-ún, nítorí ariwo rẹ̀ nìkan tó láti tú gbogbo wọn ká.

Bó bá jẹ́ pé omi kan ṣoṣo ló kù, tó jẹ́ ibùsùn, tó tún jẹ́ ibi oúnjẹ ńkọ́? Ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi ìhà tó jìn jù lọ sílẹ̀ pátápátá fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn jáde láàárọ̀, ẹ má yìnbọn sí ọ̀wọ́ ńlá tó ń gbéra. Àwọn tó bá ń padà bọ̀ ní méjì mẹ́ta ni kí ẹ dójú kọ. Ìbọn tó ró lẹ́ẹ̀kan sí àárín igba ẹyẹ kọ́ igba ẹyẹ lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó ró sí ẹyẹ méjì, ó ṣeé ṣe kó má ku èyí tó máa lọ ròyìn.

Ọ̀dá tó wà níbi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń yé ẹyin tí wọ́n sì ti ń pa ọmọ tún ń bá yín jà kí ẹyẹ tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù, inú pápá tó kún fún àwọn kòtò omi kéékèèké ni wọ́n ti pa wọ́n lọ́mọ: North Dakota àti South Dakota ní Amẹ́ríkà, Saskatchewan, Manitoba àti Alberta ní Kánádà. Yìnyín àtijọ́ ló gbẹ́ kòtò wọ̀nyẹn, òjò dídì tó ń yọ́ àti òjò ìgbà ìrúwé ló sì ń kún wọn. Bí wọ́n bá gbẹ ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, mallard, irú pẹ́pẹ́yẹ kan, lè máà yé ẹyin rárá, tàbí kó má tún ìtẹ́ kọ́ bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá jẹ èyí tó kọ́kọ́ kọ́. Pintail, irú mìíràn, máa ń fò kọjá lọ sí àríwá títí dé Alaska, níbi tí ọmọ tí wọ́n ń bí kì í ti í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti 1955 ni ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ti ń fi ọkọ̀ òfurufú ka wọn nígbà ìrúwé, àyàfi ní 2020 àti 2021 tí COVID dí wọn lọ́wọ́. Ní 2015, iye tí wọ́n rí jẹ́ mílíọ̀nù 49.5. Ní 2023, ó ti wálẹ̀ dé mílíọ̀nù 32.3.

Iye nìkan kọ́ ni ìṣòro. Lọ́dún ọ̀dá, ọmọ ọdún náà kì í pọ̀ nínú ọ̀wọ́, àwọn àgbà tó ti la ìbọn ọdún mẹ́ta mẹ́rin kọjá ló kù. Ẹ wo ìrù èyí tí ẹ bá pa: bí ṣónṣó ìyẹ́ ìrù bá gé díẹ̀ láàárín bí ẹ̀ka méjì, ọmọ ọdún náà ni, bó bá mú tàbí tó rí rogodo láìgé, àgbà ni. Bí ẹ bá ń rí àgbà ṣáá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ yí ọwọ́ padà kíákíá. Ère méjìlá tó rìn jìnnà síra sàn ju ọgọ́rin lọ. Ẹ dín fífọn fèrè tó ń dún bí igbe pẹ́pẹ́yẹ kù. Ẹ so okùn mọ́ ère kan tàbí méjì kí ẹ lè máa fà á, kí omi lè máa rú díẹ̀, torí omi aláìjìn tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ máa ń dà bíi dígí, ère tó dúró gbagidi lórí rẹ̀ ò tan àgbà ẹyẹ jẹ.

Ibùba náà á yí padà. Omi ti sún sẹ́yìn, koríko tí ẹ máa ń fara pamọ́ sí ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹrẹ̀ ìhòòhò ló wà láàárín òun àti omi. Ẹ má gé koríko tútù wá ri sórí ẹrẹ̀ yẹn, lójú ẹyẹ òkè ó máa yọ bí àpá. Dídùbúlẹ̀ ló dára jù: ẹ fi aṣọ àpò ìdọ̀họ bora, kí ẹ fi ẹrẹ̀ ibẹ̀ gan-an kùn ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi ọ̀pá dán ẹrẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ tó gbẹ lè gbé ajá, kó má gbé èèyàn.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfami, ẹ ṣírò kí ẹ tó ra epo. Láti fi omi ẹsẹ̀ bàtà kan bo éékà mẹ́wàá, ó tó mílíọ̀nù 3.26 gálọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ tó ń gbé 1,000 gálọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 54 láìsinmi. Ìyẹn lórí ìwé o. Ilẹ̀ tó ti sán á kọ́kọ́ mu yó, ọ̀pọ̀ ìńṣì lè wọlẹ̀ lọ kí omi tó dúró lójú ilẹ̀. Ohun tó mú kí owó tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n fẹ́ kún gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun tó rẹlẹ̀ jù lọ. Ìńṣì 4 sí 10 ni mallard, pintail àti teal, irú pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan, fẹ́, torí dídorí kodò ni wọ́n fi ń jẹun, wọn kì í mòòkùn. Omi tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo yín lẹ ń dà nù. Bí ẹ bá ti kún igun yẹn, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Tí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ ibẹ̀ tán, ẹ fi pákó kan kún ilẹ̀kùn omi, kí omi lè gòkè díẹ̀ sórí ilẹ̀ tuntun.

Ẹ ṣọ́ra fún òfin ìdẹ o, èyí tó kà á léèwọ̀ láti fi oúnjẹ tan ẹyẹ wá síbi ìbọn. Ẹ lè jẹ́ kí omi bo àgbàdo tó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀, kí ẹ sì yìnbọn níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìkórè, ìdẹ ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ yìnbọn níbẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé lẹ́yìn tí gbogbo hóró bá ti kúrò. Koríko tó hù fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro.

Àrùn ìgbà ọ̀dá ńkọ́? Omi gbígbóná, aláìjìn, tí atẹ́gùn kò sí nínú rẹ̀ ni botulism, àrùn tí oró kòkòrò àìfojúrí kan ń fà, fẹ́. Ẹyẹ kan á kú, ìdin á yọ lára rẹ̀, ìdin yẹn á kó oró náà jọ, ẹyẹ mìíràn á jẹ ìdin, á kú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa bí ẹyẹ 60,000 ní Tule Lake àti Lower Klamath, ní ààlà California àti Oregon, ní 2020. Bí ẹ bá rí pẹ́pẹ́yẹ tí ọrùn rẹ̀ rọ̀ tí kò lè gbórí sókè, ẹ fi tó àwọn aláṣẹ ẹranko igbó létí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó kó òkú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí omi. Ẹ má jẹ ẹyẹ tó ń ṣàìsàn. Ẹ má sì máa gbé omi sókè sódò nínú ooru. Ní ti ajá, bí ojú omi bá ti ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó dà bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ rárá, oró inú rẹ̀ lè pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbé omi mímu tirẹ̀ dání.

Ọ̀dá kì í ṣe ọ̀tá àbàtà pátápátá. Àbàtà tí kì í gbẹ rí máa ń di ilé ẹja carp àti koríko odò gíga tí wọ́n ń pè ní cattail, oúnjẹ ẹyẹ á sì dín. Bó bá gbẹ, carp á kú, ilẹ̀ á mí, irúgbìn smartweed, koríko àbàtà kan, àti jéró igbó tó ti sùn sínú ẹrẹ̀ á hù. Bí omi bá padà, kòkòrò omi á kún ibẹ̀, oúnjẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì ni. Ẹ má tulẹ̀ ibẹ̀ gbin nǹkan mìíràn, ẹ má sì gbẹ́ kòtò tó máa fa omi jáde nítorí pé ó gbẹ.

Òjò ti rọ̀ báyìí, omi ti ń padà, àwọn teal díẹ̀ ti dé. A ó ri igi mẹ́jọ mọ́lẹ̀ sí àárín omi náà, a ó so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ní ìhà àríwá igi wọ̀nyẹn, ibùba kankan ò ní sí níbẹ̀, ọkọ̀ ò ní wọ̀ ọ́, ajá ò ní wọ̀ ọ́, títí omi á fi bo éékà 20 ó kéré tán.