Ọdún tí Bàámi ní kí ló gé e níbí

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé tí oṣù Ọ̀pẹ bá ti dé, mo máa ń to oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, ká tó mọ̀ ó ti gùn lọ rẹpẹtẹ. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Tí n bá bojú wẹ̀yìn, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni mò ń rí, ní ọsibítù, tí Bàámi na ìka sí láptọ́ọ̀pù mi tó ní kí ló gé e níbí. Ìgbéyàwó àbúrò mi ní Aké dùn o, ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, kíkó tá a kó kúrò ní Ìdí-Àbà náà, òótọ́ ni, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ti wọnú ara wọn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò yí padà, mo jókòó sí Ọbáńtókò l'Ábẹ́òkúta, mò ń wo ìkúukùu òkè Àríwá ayé níbi tí yìnyín ti bo òkun. Àwọn ará Alfred Wegener Institute ní Jámánì ló ni bàálù tó ń jẹ́ Polar 5 àti èkejì ẹ̀, Polar 6. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin 2022, àwọn méjèèjì ń gbéra ní Longyearbyen ní erékùṣù Svalbard, bàálù mìíràn tó ń jẹ́ HALO ń gbéra ní Kiruna ní Sweden, gbogbo wọn jọ ń wọn ìkúukùu. Ohun tí wọ́n rí, wọ́n kó o sórí PANGAEA, ibi tí wọ́n ń kó dátà ìwádìí sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù kó wá wà á. Mi ò lè dúpẹ́ ìyẹn tán. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ò rí yìnyín rí àfi èyí tó ń bá òjò wá, ó fi dátà òru wa gbogbo ẹ̀ jáde, ó sì fi ṣiṣẹ́ tó nítumọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2022 ni mo dúró lé. Lọ́jọ́ yẹn, atẹ́gùn tó tutù nini kúrò lórí yìnyín, ó já sórí òkun tí ò dì láàárín Greenland àti Svalbard, omi yẹn sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ni ooru omi bá ń gòkè, ni ìkúukùu bá ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bó ṣe ń jìnnà sí yìnyín. Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí: nínú ìkúukùu yẹn, omi àti yìnyín jọ ń gbé ni. Omi tó ti tutù kọjá òdo tí kò sì dì, ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí dé bíi −38 °C. Èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, ìyẹn ló ń sọ bí ìkúukùu ṣe máa ṣe sí ooru, bóyá á sé e mọ́lẹ̀ ni tàbí á jẹ́ kó lọ. Láti 1979, òkè Àríwá ayé ti ń gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin bí ayé lápapọ̀ ṣe ń gbóná, ìdí nìyẹn tí mi ò fi í gbà fún ẹni tó bá ní kí ló kàn wá níbẹ̀.

Bàámi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ mọ̀ wọ́n, tírélà ni wọ́n wà láti Láfẹ́nwá lọ sí Kánò títí ojú wọn fi ní ó tó. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé bọ́dì Polar 5 jẹ́ ti DC-3, irú bàálù tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1935, pé ẹ́ńjìnnì tuntun ni wọ́n gbé sí i tí wọ́n fi ń pè é ní Basler BT-67, inú wọn dùn ju ti ọjọ́ tí mo gbàwé wọlé lọ. Wọ́n ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bọ́dì àtijọ́ ò láàrùn, ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ wò. Lídà náà yé wọn kíá. Iná lésà ni, AMALi lorúkọ ẹ̀, látinú bàálù ni wọ́n ti ń rán an lọ sísàlẹ̀, tó bá kan ẹ̀kán omi nínú ìkúukùu, púpọ̀ nínú ẹ̀ á ta padà, kò ní lè wọlé jìnnà. Bàámi ní, “Fúlù láìtì nínú kùrukùru nìyẹn, ojú ìwọ fúnra ẹ niná á padà sí.” Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lídà á sọ ibi tí orí ìkúukùu wà, á sọ bóyá omi ló wà lókè ẹ̀ tàbí yìnyín, àmọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ omi yẹn, kò mọ̀ ọ́n. Rádà, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì rédíò dípò iná, ló mọ̀ ọ́n. MiRAC lorúkọ ẹ̀, ìgbì 94 GHz ló ń lò, abẹ́ ikùn bàálù ni wọ́n so ó mọ́, wọ́n dà á sẹ́yìn ní dìgírì 25 kí òkun má bàa dá àmì ẹ̀ padà sójú ẹ̀ tààrà. Ó ń la ìkúukùu kọjá, ó ń rí yìnyín tó ń já bọ́. Apá kan lára ẹ̀ tó ń gbọ́ 89 GHz ló ń sọ iye omi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti to àwòrán lídà sókè, ti rádà sísàlẹ̀, ìṣẹ́jú kan náà. Mo ti dín iná ojú láptọ́ọ̀pù kù torí bátìrì. Bàámi fa gíláàsì wọn tá a fowú so apá ẹ̀ kan wọ̀, wọ́n fi ìka tí pílásítà dírípù wà lára ẹ̀ tẹ̀ lé yìnyín bó ṣe ń já látinú ìkúukùu, àwọ̀ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, títí ó fi dé ibi tó tán lójijì láì tíì kan òkun. “Kí ló gé e níbí?” Mo ní àwa la gé e, pé òkun ń dá àmì rádà padà débi pé nǹkan bíi mítà 150 tó kẹ́yìn ò ṣeé gbára lé. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Ibi téèyàn máa dúró sí gan-an lẹ gé dànù yẹn.”

Inú ìwé ni mítà 150 yẹn wà látọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ látìrọ̀lẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi gbà lọ. Yìnyín tó ń já lè gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ó sì lè pọ̀ sí i, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó kan òkun, inú ibi tá a gé yẹn ló ti máa wá a. Ti sátẹ́láìtì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, CloudSat, sátẹ́láìtì tó gbé rádà tó sì ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́dún 2023, máa ń pàdánù tó bíi kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ ìkúukùu ibẹ̀ ò ga, òmíràn ò kúrò lábẹ́ ìyẹn rárá. Lójú tèmi, ìdí tí bàálù fi gbọ́dọ̀ máa lọ nìyẹn, iye yòówù kó náni.

Lóṣù kẹwàá mo dìde ṣàlàyé ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ohun kan náà. Bàámi ti… ẹ mọ̀, ẹ̀yin lẹ bá wa sin wọ́n. Mo dáhùn ẹ̀, ohùn mi gbọ̀n díẹ̀, ó sì padà. Ẹ jẹ́ n sọ ti nọ́ọ̀sì fún yín jàre: ó bi Bàámi pé iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe, Bàámi ní mò ń bá àwọn òyìnbó ṣọ́ yìnyín kí wọ́n má bàa jí i, nọ́ọ̀sì yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Màámi, ẹ ṣé fún ọ̀fadà tẹ́ ẹ ń gbé wá lóru. Bọ̀ọ̀dá mi ti Aṣèrò, ínfátà yẹn ló gbà mí là. Ọ̀gá mi, ẹ ò jẹ́ n dúró, Ọlọ́run á dúró tì yín.

Ọdún tó ń bọ̀, sátẹ́láìtì EarthCARE ni mo fẹ́ dojú kọ. Oṣù karùn-ún 2024 ni àwọn ará Yúróòpù àti Japan rán an sókè, rádà 94 GHz àti lídà jọ wà lórí ẹ̀, ó ń gba òkè Àríwá kọjá, ó ń gba orí Abẹ́òkúta náà kọjá. Mo fẹ́ wo iye tí òun náà ń gé nísàlẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ibì kan fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ báyìí, tí wọ́n bá gbà mí ẹ máa gbọ́, tí wọn ò bá gbà mí, ọ̀fẹ́ ni dátà ẹ̀, màá ṣe é láti Ọbáńtókò. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ta háàdì dráìfù tó ṣeé fọkàn tán ní Pánṣẹ́kẹ́, kó jọ̀ọ́ pè mí kí ṣẹẹrẹ tó wọlé, tẹ́rábáìtì méjì ti tó mi.