Ọjọ́ tí ewúrẹ́ wa gòkè re ọ̀run

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní iye máàkì tí mo gbà. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni kí ẹ bi mí.

Géèmù dánfó tí àwa márùn-ún ń ṣe fún iṣẹ́ kíláàsì náà ni: dẹ́rẹ́bà ń sáré láti Ọjọ́ta lọ Ọ̀ṣòdì, kọ̀ńdọ́ ń pariwo, ewúrẹ́ kan ń dínà. Òru mẹ́ta gbáko ni ọmọbìnrin kan nínú wa fi ya ewúrẹ́ yẹn. Ó ní irùngbọ̀n. Ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Lóru ọjọ́ tí a máa fi han olùkọ́ lọ́jọ́ kejì, iná ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ku 6%. Èmi ọ̀mọ̀ràn ní kí n yẹ iṣẹ́ wò kó tó kú. Níbi tí Unity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù náà, kọ agbára òòfà ilẹ̀ sí ni mo ti rí -9.81. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fi mínọ́ọ̀sì síbẹ̀? Èmi tí mo gba A nínú físíìsì! (Irọ́ ni. C ni.) Ṣebí 10 ni wọ́n ní ká máa lò ní sẹ́kọ́ńdìrì? Mo pa mínọ́ọ̀sì rẹ́, mo kọ 10, mo séèfù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, láptọ́ọ̀pù kú. Mo nà gbalaja, mo ń hanrun bí akọni tó ti ogun dé.

Ẹ̀yin ará, mínọ́ọ̀sì yẹn ló ń sọ fún géèmù pé ìsàlẹ̀ ni nǹkan ń já sí!

Olùkọ́ tẹ bọ́tìnnì. Dánfó gbéra bíi bàlúù. Èrò tẹ̀ lé e. Kọ̀ńdọ́ ń lọ sókè, kò dákẹ́: "Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì! Ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́ o!" Ewúrẹ́ ló gbẹ̀yìn. Òun ò kánjú rárá. Ó ń gòkè, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó yíjú sí wa bí ẹni ń sọ pé ó dàbọ̀.

Olùkọ́ yọ awò ojú. "Ṣé Ìgbàsókè ni?"

Mo ń wá ilẹ̀ tí mo máa wọ̀. Ilẹ̀ nìkan ló sì kù lórí síkírìnì.

Àní kí ló dé tí mò ń bú ara mi? Ẹ wo Alága wa, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe látìbẹ̀rẹ̀ kò ju "ibo la dé o?" lọ. Ó dìde, ó tún kọ́là ṣe: "Sà, bí a ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ará Èkó tí gósílóò ti sú ni."

Máàkì tiẹ̀ fi 4 ju tèmi lọ.

Ọmọbìnrin tó ya ewúrẹ́ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti kọ nǹkan sórí WhatsApp wa, ewúrẹ́ yẹn ló máa fi dá mi lóhùn, tó ń lọ sókè, tó ń jẹ àpọ̀jẹ.