Yíyọ Ni, Kì Í Ṣe Pípa: Ẹ̀kọ́ Tí Àrá Ọjọ́ Kan Kọ́ Mi

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹrin ọdún 2019, nílé wa ní Adéníkẹ̀ẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé títẹ̀ ni mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH máa ń gbé pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn wá, màá bá wọn tẹ̀ ẹ́, màá bá wọn tò ó. Lọ́jọ́ náà, òjò ṣú wá láti apá Ìlọrin, ojú ọ̀run dúdú bí aró, atẹ́gùn ń gbá ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, yọjú láti yàrá wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, yọ ẹ̀rọ yẹn o. Òjò yìí ní àrá nínú."

Mo ní, "Mo ti pa á, mà."

Òótọ́ ni. Mo ti pa kọ̀ǹpútà, mo sì ti pa súìṣì ara ògiri. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ plug ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí àrá náà sán, gbogbo ilé mì. Gílóòbù pálọ̀ tàn yòò, ó funfun kọjá bó ṣe máa ń rí, ó sì kú. Lẹ́sẹ̀kan náà mo gbọ́ "pà!" lábẹ́ tábìlì, bí ìgbà tí ẹ̀pà bẹ́ nínú iyanrìn gbígbóná, àmọ́ ó le ju ìyẹn lọ. Òórùn rọ́bà tó jóná gba yàrá. Power pack ti lọ, motherboard ti lọ, háàdì dísìkì náà bá wọn lọ. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ku ọ̀sẹ̀ kan kí olúwarẹ̀ gbé e sílẹ̀. Fọ́tò tí a yà kẹ́yìn pẹ̀lú bàbá mi kí wọ́n tó dolóògbé náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn, mo jókòó tì í lóru títí mo fi tún un tẹ̀. Ti fọ́tò ni mi ò rí ojútùú sí.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé súìṣì kì í já ọ̀nà tán. Wáyà kan ṣoṣo ló máa ń gé nínú ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, àwọn tó kù ṣì so mọ́ ẹ̀rọ. Àlàfo tó wà nínú súìṣì náà kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àrá gba inú afẹ́fẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà kọjá kó tó dé ilẹ̀. Kí ni mìlímítà díẹ̀ máa dá dúró lára rẹ̀? Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń fa nǹkan bí amp 5. Àrá kan lásán lè gbé tó amp 30,000. Kò sì dìgbà tó bá já lé ilé yín. Bó bá kọ lu òpó iná ní àdúgbò kejì, tàbí kó já sílẹ̀ nítòsí wáyà lásán, wáyà yẹn á gbé e délé. Volt 230 ni ẹ̀rọ inú ilé ń retí, ohun tó máa wọlé lójijì lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Mo lọ pe bàbá oníná kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Tákìé. Mo fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí mo fi kọ̀ǹpútà sí hàn wọ́n. Wọ́n kọ "surge protector" (ohun tó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó bá ru sókè) gàdàgbà sára rẹ̀, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe rà á. Bàbá mú tọ́nábíìsì, wọ́n tú ìdí rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ mélòó kan àti iná pupa kékeré, òun náà nìyẹn. Wọ́n wá tú òmíràn látinú àpò wọn, wọ́n nawọ́ sí nǹkan róbótó kan tó ní ẹsẹ̀ méjì, àwọ̀ búlúù, tó tóbi tó bọ́tìnì kóòtù. Wọ́n ní, "Èyí ni òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Tiyín ò ní i." Tí iná bá wà bó ṣe yẹ, á jókòó jẹ́ẹ́. Tí iná bá ru sókè, á ṣílẹ̀kùn fún àpọ̀jù náà kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gbó sí i, títí á fi kú. Àwọn ojúlówó máa ń ní iná kan tó ń sọ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí iná yẹn bá ti kú, ẹ̀rọ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ààbò ni kò sí mọ́. Ẹ máa wo iná yẹn o, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá tún bèèrè pé, "Níbo ni earth ilé yín wà?" Wáyà tó ń gbé àpọ̀jù iná wọ inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ. A jọ yí ẹ̀yìnkùlé po. Wáyà náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a so ó mọ́ ègé irin ìkọ́lé kan tí kò wọlẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Mo fi ọwọ́ kan irin náà, ó mì. Ilé tí a kọ́ ní bílọ́ọ̀kù àti pánù, tí a kun lọ́dà, tí a fi táìlì sí! Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbá ọ̀pá kọ́pà wọlẹ̀, wọ́n fi èédú àti iyọ̀ sí i, wọ́n fi omi rin ín. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti dé tí ilẹ̀ sì gbẹ, mo máa ń da korobá omi kan síbẹ̀, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Bí plug yín bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣẹ́ ìkẹta dànù kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì. Ẹsẹ̀ yẹn ló so mọ́ earth.

Stabilizer ńkọ́? Ó dára fún iná tó ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n àrá ti ṣe tirẹ̀ tán kó tó jí. Kódà ojúlówó surge protector kò lè dúró de àrá tó bá já lé ilé gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ yọ plug kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, torí wáyà kan ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ti òde wọlé, àti ti abọ́ sátẹ́láìtì lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Láptọ́ọ̀pù lè máa ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ yọ ṣájà rẹ̀.

Ẹ yọ wọ́n nígbà tí òjò ṣì ń ṣú. Bí mànàmáná bá kọ, èmi àtàwọn ọmọ máa ń kà á títí àrá á fi sán: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí a ò bá ka 30 tán kó tó sán, ó ti sún mọ́ wa. Bó bá sì ti wà lórí ilé, ẹ má fọwọ́ kan plug mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ jóná. A ṣì lè ra ẹ̀rọ míì. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, àti ìparí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ni mo ti rí i pé àrá máa ń le jù. Ní àkókò yẹn, bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà, mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ ká tó ti ilẹ̀kùn.

Bí àwọn ọmọ bá ti pariwo "Up NEPA!", ẹ mú sùúrù. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ṣe ségesège. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń dúró kí n tó ki plug padà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sí fíláṣì, mo sì ń gbé e sórí Google Drive, ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àǹtí mi kan ní Ọ̀yọ́ rí fọ́tò bàbá mi nínú álíbọ́ọ̀mù wọn, kì í ṣe èyí tó ṣègbé, ṣùgbọ́n agbádá kan náà ni wọ́n wọ̀. Mo fi fóònù yà á. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó wà lórí Google Drive, fíláṣì tó gbé ìkẹta wà nínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ ìró.