Ọ̀rọ̀ "First Edition" Nìkan Kò Tó

Ìwé kan wà lórí pẹpẹ mi tí mo fi owó àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ rà, tí mo sì rò pé mo rí nǹkan jẹ. Lẹ́yìn ojú ìwé àkọlé, níbi tí wọ́n ń kọ ọdún àti ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ náà sí, ni wọ́n ti tẹ "First Edition", ìyẹn àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, gbangba. Nígbà tí mo gbé e délé ni mo tó wo àwọn òǹkà wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 10, tí wọ́n sì parí sí 4. Ìtẹ̀ kẹrin ni mo rà.

Nígbà tí wọ́n bá ń múra láti tẹ ìwé, wọ́n a máa to òǹkà 1 títí dé 10 sórí àwo ìtẹ̀wé, bí wọ́n bá sì fẹ́ tún un tẹ̀, wọ́n á pa èyí tí ó kéré jù lọ rẹ́, nítorí pé pípa nǹkan rẹ́ lára àwo rọrùn ju fífi òmíràn kún un lọ. Òǹkà tí ó kéré jù lọ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó ń sọ ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà náà, ọ̀nà yòówù tí wọ́n ìbáà gbà tò ó. Àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn sì wà tí wọn kì í yọ ọ̀rọ̀ "First Edition" kúrò títí ìtẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún fi jáde, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ó wà nínú ìwé kò bá tíì yí padà. Wọn kò purọ́. Èmi ni n kò kàwé dé ìsàlẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan sì ní àṣà tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Random House ní Amẹ́ríkà fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀ láti 2: ìtẹ̀ àkọ́kọ́ a ní 2 pẹ̀lú "First Edition", bí wọ́n bá sì tún un tẹ̀, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ náà, 2 yóò sì wà láìsí i. Láti 1930 ni Scribner's, ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà A sàmì sí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àṣìtẹ̀ náà a máa jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá mọ àsìkò tí wọ́n tún un ṣe. Nínú ìwé Darwin lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yà ohun abẹ̀mí, tí ó jáde ní 1859, "speceies" ni wọ́n tẹ̀ sójú ìwé 20 dípò "species".

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà ẹgbẹ́ òǹkàwé, èyí tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ra ìwé, pẹ̀lú: lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí iye owó lára bébà tí wọ́n fi wé e, àmì kékeré kan a sì máa tẹ̀ wọnú èèpo rẹ̀ lẹ́yìn.

Mo ti fi pẹ́ńsù kọ 4 fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí igun ojú ìwé àkọ́kọ́ tèmi, fún ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ mi.