Kí Òjò Tó Dé: Ohun Tí Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìgbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ n'Íbàdàn, ìyẹn láti ìparí oṣù kìíní títí wọ oṣù kẹrin, ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti ń pinnu bóyá onílé á já ewédú jẹ tàbí á lọ rà á lọ́jà Bódìjà.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ohun tí mo mọ̀ sí títún ọgbà ṣe ni kí n ṣán gbogbo rẹ̀ balẹ̀, kí n gbá ewé jọ, kí n ṣáná sí i, kí ilẹ̀ mọ́ fónífóní. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi dúró tì mí, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní: “O tún un ṣe lóòótọ́. Kí lo rí níbẹ̀?” N kò rí nǹkan kan. Ohun tí mo yẹ kí n rí ni mo ti sun.

Ẹ jẹ́ ká mú ilá tó ti gbó. Ẹ má kàn fi àdá gé e. Ẹ da omi sí ìdí rẹ̀ lálẹ́ kí ilẹ̀ lè rọ̀, tílẹ̀ bá mọ́ kí ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e sójú oòrùn wò. Bí gbòǹgbò náà bá wú ní kókó-kókó bí ọrùn ẹni tó yọ gẹ̀gẹ̀, aràn kan tí ojú lásán kò lè rí ti wọ ilẹ̀ ibẹ̀. Nematode ni àwọn olùwádìí ń pè é. Aràn yìí fẹ́ràn ilá, ó fẹ́ràn tòmátì, ó sì fẹ́ràn ewédú púpọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ má gbin ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ má sì jẹ́ kí gbòǹgbò yẹn dé orí òkìtì tí ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀. Òun nìkan ni mo gbà pé kí iná jó nínú ọgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa, torí ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà ń ta kókó. Tiwọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́: ẹ fi èékánná họ ọ́, á já bọ́, bí ẹ̀wà náà bá ṣì tutù, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, inú rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ara ilá kì í já, nítorí gbòǹgbò gan-an ló wú. Inú kókó ẹ̀wà ni bakitéríà tó ń fa nitrogen, èyí tí ewéko fi ń dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ wọ ara ewéko ń gbé, oore ló sì ń ṣe ilẹ̀. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mo sun odindi òkìtì ẹ̀wà pé àrùn ni. Títí dòní, ó ṣì ń dùn mí.

Òjìji ni ẹ̀kọ́ tó pẹ́ jù kí n tó kọ́. Nínú ọgbà kan ní Àkóbọ̀, mo ṣètò ilẹ̀ nínú oṣù kìíní. Mo rí i pé ìdí ògiri tó wà níhà gúúsù kì í rí oòrùn lọ́sàn-án, mo ní ata ò lè so níbẹ̀. Mo kó ata lọ síhà àríwá, lẹ́bàá ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò, níbi tí oòrùn ti ń ràn yòò. Nígbà tó di oṣù kẹfà, òjìji pẹ́tẹ́ẹ̀sì ti bo ata mi, ewé ń gbèrú, èso ò sí. Ìdí ògiri tí mo pa tì ló wá ń gba oòrùn. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Íbàdàn wà ní ìwọ̀n digírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń wà lápá gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí oṣù kẹrin bá ti wọ̀ dáadáa, á rékọjá orí wa sápá àríwá, kò sì ní padà títí oṣù kẹsàn-án. Ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 á da òjìji tó tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sílẹ̀ síhà àríwá lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kejìlá. Tó bá di oṣù kẹfà, ìhà kejì ni òjìji rẹ̀ á wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má gbà pé ẹ ó rántí.

Ọ̀rọ̀ omi kò gùn. Òkè pọ̀ n'Íbàdàn, ẹ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ kí àgbàrá má baà wọ́ erùpẹ̀ yín lọ. Ẹ má da ewé sí gọ́tà. Ẹni tó bá rí ohun tí omíyalé ṣe níbí lóṣù kẹjọ ọdún 2011 kò ní fi gọ́tà ṣe ààtàn.

Ewé máńgòrò tí mo ń sun nígbà náà ńkọ́? Mo tún máa ń fowó ra ajílẹ̀ lóṣù kẹrin. Ní báyìí, mo ń to ewé náà ní ìpele-ìpele pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ láti ìparí oṣù kìíní, mo ń wọ́n omi sí i, mo ń yí i padà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó èèhù gbẹ. Ẹ jẹ́ kó lò tó oṣù méjì kó tó kan ewéko.

Ẹ má sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tàn yín. Lọ́dún kan, ó rọ̀ lóṣù kejì, mo gbin gbogbo irúgbìn mi lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lòjò ò tún rọ̀ mọ́, gbogbo ohun tó hù ló kú mọ́ mi lójú. Koríko ni mo máa ń fi òjò àkọ́rọ̀ fún báyìí: màá jẹ́ kó hù, màá wá fi ọkọ́ ro ó kó tó dàgbà. Èèkan nìkan ni ọkọ́ ò tó fún. Ẹ gbẹ́ ẹ tìtàkùn-tìtàkùn, nítorí èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á tún hù.

Ata ni kì í dúró de òjò. Láàárín oṣù kejì ni mo ti da irúgbìn àtàrodo sínú abọ́ ńlá tó ti lu, tí mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti yọ ewé méjì-méjì. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, màá hú u lọ gbìn sí ìdí ògiri gúúsù.