Irin ẹnu póní ló jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ mi

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gun ẹṣin nílẹ̀ UK níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Sọ́ńdè tó kọjá ló ṣẹlẹ̀ sí wa, ọkàn mi ò tíì wálẹ̀ rárá.

Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ mi obìnrin fi múra sílẹ̀ fún dressage yìí, ìyẹn ìdíje tí wọ́n ti ń wo bí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún ṣe ń rìn létòlétò, àkọ́kọ́ tó máa ṣe lábẹ́ òfin British Dressage gan-an, ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà níbí, torí àwọn kéékèèké tá a ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹnì kankan ò yẹ nǹkan wò. Ó wọ gbàgede 20m sí 40m yẹn, kò ṣi ọ̀nà kankan, ó yí rogodo, póní rẹ̀, ẹṣin kékeré tó ń gùn, fetí sí i. Nígbà tó dúró láàárín tó kí judge, omi ti lé sí mi lójú. Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, "Mọ́mì, ṣé ẹ rí wa?"

Bẹ́ẹ̀ ni steward, ẹni tó ń yẹ ohun èlò ẹṣin wò, ní kó dúró. Obìnrin náà wọ gílófù, ó la ẹnu póní, ó wo ṣéènì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ló bá ní kimblewick ni irin ẹnu yìí, snaffle, irin ẹnu tí kò ní ṣéènì, nìkan ni òfin gbà ní ìpele yìí. Mo bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ó dùn mí, ṣùgbọ́n òfin ni. Lẹ́tà E ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ọmọ mi, ìyẹn "eliminated", wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ náà gbá ọrùn póní mú, ó ń sunkún, ó ní "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?" Kò ṣe nǹkan kan o. Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má sọ pé mi ò bèèrè o, mo bèèrè! Ẹni tó ta irin náà fún wa ní ó bófin mu fún ìdíje, kóòṣì náà ní kò sí wàhálà. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ, ó bófin mu ní jumping, eré tí ẹṣin ti ń fo igi, ibẹ̀ la ti ń lò ó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyẹn: bí ẹnì kan bá ní "ó bófin mu", ẹ bi í pé nínú eré wo, ìpele wo, ọdún wo? Kimblewick ní ṣéènì tó máa ń fún póní lábẹ́ àgbọ̀n tí wọ́n bá fa okùn, snaffle ò ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni running martingale, okùn àyà tí kì í jẹ́ kí ẹṣin gbé orí sókè jù, wọ́n gbà á ní jumping, dressage ò gbà á. Bọ́ọ̀tù ẹsẹ̀ ẹṣin náà, ẹ lè lò wọ́n nígbà tí ẹ bá ń mú ara ẹṣin yá gágá, àmọ́ ẹ bọ́ wọn kí ọmọ tó wọlé.

Ẹ fojú ara yín wo ìwé òfin. Àwòrán irin tí wọ́n gbà wà nínú ti British Dressage, ẹ gbé tiyín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ti ọdún yìí ni o, torí wọ́n ń yí i padà, FEI, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé, mú ohun ìwọ̀n jáde ní 2025 tí wọ́n fi ń wo bí okùn imú ẹṣin ṣe le tó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹṣin Ojúde Ọba ni mo fi dàgbà, ta ló ń la ẹnu ẹṣin wò níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ fojú ara yín wò ó, kì í ṣe ojú kóòṣì.

A ti ra snaffle, póní náà sì gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń lọ, mo ti ya fọ́tò ìjánu náà lápá ọ̀tún àti òsì, mo fi ránṣẹ́ sí secretary ìdíje náà láàárọ̀ yìí, ó ní ó dára.