Àwa mẹ́wàá la gbéra, àwa mẹ́sàn-án ló wọ ọkọ̀

Kí ẹ tó sanwó kúrúùsì (ìrìn àjò afẹ́ orí òkun) kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí páspọ́ọ̀tù yín, ẹ wo ara físà Schengen (físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) tó wà níbẹ̀, wọ́n kọ iye ìgbà tẹ́ ẹ lè wọlé síbì kan. Tó bá jẹ́ "01" (ẹ̀ẹ̀kan) lẹ rí, ẹ dúró ná. Tó bá jẹ́ "MULT" (ọ̀pọ̀ ìgbà), ẹ máa bọ̀. Nǹkan kékeré yẹn ló jẹ́ kí Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú wa, jókòó sórí báàgì ẹ̀ ní èbúté Civitavecchia nítòsí Róòmù lọ́jọ́ tá a fẹ́ wọkọ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, àwa yòókù dúró sórí ìlà, a dé fìlà oòrùn, à ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́wàá la jọ ṣe girama, obìnrin ni gbogbo wa, a ti fọ́n ká báyìí, àwọn kan ní London, àwọn kan ní Manchester, ẹnì kan ní Dublin, ọdún 2025 sì ni gbogbo wa ń pé àádọ́ta. Ẹnì kan ní dípò kí kálukú lọ gba gbọ̀ngàn kó máa se ìrẹsì fún igba èèyàn tí ò mọ̀ rí, ẹ jẹ́ ká dá àjọ ká lọ wo ayé. Oṣù mẹ́rìnlá la fi dá a, èmi ni alájọ, mi ò sì ní ṣe é mọ́ láyé mi, ìyẹn dọjọ́ míì. Ọkọ̀ tá a mú, tó ń lọ láti Ítálì sí àwọn erékùṣù Gíríìsì, ti àgbà nìkan ni, ọdún 18 sókè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn gbọ́ "àgbà nìkan", ló bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, "Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ àwọn tó ń rìn ní ìhòòhò lo fẹ́ lọ wọ̀ yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Rárá o, gbogbo ohun tó túmọ̀ sí ò ju pé kò sọ́mọ tó máa bẹ́ sómi lé èèyàn lórí níbi téèyàn ti ń sinmi. Àmọ́ ẹ mú un ní òdodo o. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ mú ọmọ ẹ̀ dání, ó ku oṣù mẹ́ta kọ́mọ náà pé 18, wọ́n ní rárá, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní rárá náà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi físà. Àwa méje la ti gba páspọ́ọ̀tù Bírítéènì tàbí ti Ireland, àwọn mẹ́ta ṣì ń lo aláwọ̀ ewé wa. Ìwé ìgbélùú Bírítéènì, ILR tẹ́ ẹ ń wò yẹn, kò lè gbé yín wọ Róòmù, ẹ ṣì máa gba físà. Ìyá Ìbejì gba tiẹ̀, físà gidi ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè fi wọlé. Lójú tiẹ̀, inú Schengen kan náà ni Ítálì àti Gíríìsì wà, kí ló tún kù? Ohun tó gbàgbé, témi alájọ náà ò sì rántí, ni pé ọkọ̀ wa máa yà sí Kuşadası ní Tọ́kì láàárín Santorini àti Rhodes, Tọ́kì ò sì sí nínú Schengen. Bẹ́ ẹ bá ti dé Tọ́kì, ẹ ti jáde, bẹ́ ẹ bá wá padà sí Rhodes, ìwọlé kejì nìyẹn. Obìnrin tó ń yẹ ìwé wa wò ní èbúté ò lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó rí i. Kò pariwo, kò bínú, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án. Owó ò sì padà, torí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó kà á pé èrò fúnra ẹ̀ ló máa rí sí ìwé ìrìn àjò ẹ̀. Tọ́kì náà ní òfin físà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìrìn àjò náà fún yín, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín, ẹ má gba "kò sí wàhálà" lórí fóònù. Páspọ́ọ̀tù fúnra ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò ní Schengen.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní fi ṣòfò púpọ̀. Iye tẹ́ ẹ rí nínú ìpolówó, ti ẹnì kan nínú ẹni méjì tó jọ máa sun kábìn kan ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá sùn, ẹ máa san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. (Àǹtí tó yẹ kó jọ sun kábìn pẹ̀lú Ìyá Ìbejì wá ń na ẹsẹ̀ nìkan, ojú sì ń tì í láti gbádùn ẹ̀.) Ẹ béèrè bóyá owó ọpẹ́ (tip) àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wà nínú ẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù keje 2025, Gíríìsì tún ń gba owó orí lọ́wọ́ èrò kúrúùsì, yúrò 20 ni ti Santorini àti Mykonos nígbà ooru Yúróòpù. Fóònù ńkọ́? Ẹ fi sí flight mode kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọ̀kan nínú wa pe ọkọ ẹ̀ láti àárín òkun, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọkọ̀ ló gbé e, kì í ṣe ti London, bíìlì tó wá bá a nílé ju owó kábìn ọjọ́ kan lọ, wọn ò sì tíì parí ìjà yẹn dòní. Àti pé ẹ di ata gígún dání. Ẹ ṣáà dì í.

Wọ́n máa pè yín fún ìdánrawò jàǹbá kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ lọ o. Àwọn kan lára wa ti fẹ́ jókòó sídìí ọtí, mo lé wọn dìde. Èbúté Civitavecchia yẹn náà ni ọkọ̀ kúrúùsì Costa Concordia ti gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2012, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé níbẹ̀ ò tíì ṣe ìdánrawò kankan, lóru ọjọ́ yẹn ó gbá àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Giglio, èèyàn 32 sì kú.

Ibi témi fúnra mi ti kẹ́kọ̀ọ́ jù ni Santorini. Ọkọ̀ ńlá kì í sún mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, àárín omi ló ń dúró, níbi tí òkè oníná ti bú gbàù láyé àtijọ́ tí òkun wá bo ojú ihò ẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èèyàn lọ sísàlẹ̀ àpáta, ìlú Fira wá wà lókè réré. Ẹ lè wọ kébù kàá (ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gòkè), ẹ lè gun àtẹ̀gùn tó lé ní 500, ẹ sì lè gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, èmi ò gun ohun tó ń wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn o. Àwa mẹ́sàn-án pinnu pé a jọ máa rìn ni, ṣebí ẹgbẹ́ ni wá. Ẹnì kan fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, a dúró. Ẹnì kan fẹ́ ra àìsìkiriìmù, a dúró. Ẹnì kan sọ pé orúnkún òun, a jókòó. Ìlà kébù kàá tí à ń tò kò lọ, oòrùn ń jó wa, nígbà tá a máa fi débi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ilé funfun yẹn, ó ti ku wákàtí kan ààbọ̀ kí ọkọ̀ kékeré ìkẹyìn padà, a tún fi èyí tó kù tò sórí ìlà ìsọ̀kalẹ̀. Gbogbo Santorini tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn orí àwọn ará Jámánì ni. Èèyàn tó bá ju mẹ́ta lọ lórí ilẹ̀, ìjọ ni, ẹ wá pásítọ̀ sí i.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la ṣòfin. Orí ọkọ̀ la ti jẹ́ ẹgbẹ́. Ká jọ jẹun alẹ́, ká jọ wọ aṣọ ẹbí (léèsì aláwọ̀ òkun, gbogbo ọkọ̀ ló ń yà wá ní fọ́tò), ká jọ jó, àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti kan èbúté, méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́nikẹ́ni má bínú sẹ́nikẹ́ni, kí kálukú sì fi ibi tó ń lọ sórí WhatsApp kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Éfésù, àwókù ìlú àtijọ́ ní Tọ́kì, nìkan la yọ sílẹ̀ nínú òfin yẹn, bọ́ọ̀sì ọkọ̀ ló gbé gbogbo wa láti Kuşadası pẹ̀lú afinimọ̀nà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí tí ò bá sẹ́ni tó ń ṣàlàyé, òkúta lásán lẹ máa rí. Ẹ gbé omi, ẹ gbé agboòrùn, kò síbòòji. Tíátà ibi táwọn èèyàn ti pariwo fún wákàtí méjì nítorí òòṣà Diana nígbà ayé Pọ́ọ̀lù ṣì wà níbẹ̀, ó gba nǹkan bí 25,000 èèyàn, mo jókòó síbẹ̀, ara mi sì bù máṣọ. Èyí tó jọ mí lójú jù lọ ni ọ̀nà òkúta gbọọrọ tó lọ láti iwájú tíátà náà sí èbúté. Mo fojú tẹ̀ lé e títí, mi ò rí omi. Odò ló ń gbé ẹrẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún títí èbúté fi dí pa, òkun sá lọ sí kìlómítà mélòó kan, ìlú náà sì kú tẹ̀ lé e.

Rhodes rọrùn, ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìlú àtijọ́, ẹ kàn máa fẹsẹ̀ rìn wọlé ni. Ẹ rìn lójú pópó àwọn Ọmọ Ogun Jòhánù Mímọ́, ẹgbẹ́ jagunjagun onísìn Kristẹni tó ṣàkóso ibẹ̀ láti 1309 títí di 1522, kẹ́ ẹ wá ẹja jẹ. Ó tán.

Ní Mykonos, gbogbo èèyàn ń sáré lọ síbi ìtajà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Delos, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Erékùṣù kékeré ni, ilẹ̀ mímọ́ làwọn Gíríìkì kà á sí, tó jẹ́ pé nígbà kan wọn ò gbà kẹ́nikẹ́ni bímọ síbẹ̀ tàbí kó kú síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kú, wọ́n á gbé e sọdá. Erékùṣù mímọ́ yìí kan náà ló wá di ọjà ẹrú nígbà tó yá. Strabo tó kọ ìwé nípa ilẹ̀ ayé láyé àtijọ́ sọ pé wọ́n lè kó ẹrú 10,000 wọlé kí wọ́n sì kó wọn jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí mi. Mo mọ ọ̀nà yanrìn tó lọ sétí òkun ní Gbẹ̀rẹ̀fù, ibi tí wọ́n ti ń kó tiwa gbà, tí wọn ò sì padà. Mo dúró láàárín àwọn òpó fífọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ.

Bá a ṣe padà dé Mykonos báyìí, afẹ́fẹ́ ti dé. Meltemi ni wọ́n ń pè é, láti àríwá ló ti ń fẹ́ wá lóṣù keje àti ìkẹjọ, kò sì bìkítà fún tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkọ̀ kékeré tó ń kó wa padà sínú ọkọ̀ ńlá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà gùn, ìgbì ń lu wá, ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí àkókò pé la wọlé. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kúrúùsì ṣètò lẹ bá lọ, wọ́n á dúró dè yín, tẹ́ ẹ bá dá lọ fúnra yín bíi tiwa, wọ́n á lọ. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀, ẹ má fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ lè má tilẹ̀ dúró ní erékùṣù yẹn rárá, torí ẹ̀, ẹ má torí erékùṣù kan ṣoṣo ra kúrúùsì.

Piraeus la ti sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn, èbúté Athens. Ta la bá níwájú géètì? Ìyá Ìbejì, ó ti pupa, ó ti sanra díẹ̀. Kò padà sí London. Ó fi físà ẹ̀ẹ̀kan yẹn jókòó sí Róòmù fún ọjọ́ márùn-ún, ó wo gbogbo ohun táwa ò rí, nígbà tó sì jẹ́ pé láti Ítálì sí Gíríìsì kì í ṣe jíjáde ní Schengen, ó wọ bàálù wá bá wa. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sórí omi," ló ní, "ẹ ti rù o."

Àjọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá, Malta la fẹ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì sì ni alájọ. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sanwó, ó ya físà tuntun ẹ̀ ní fọ́tò sínú gúrúùpù, ó sì fi bírò pupa yípo ibi tí wọ́n kọ MULT sí.